Òfin Red Flags: Bí Ẹni Tó Ń Tajà Láwìn ní Amẹ́ríkà Ṣe Lè Fura sí Olè Tó Ń Lo Orúkọ Ẹlòmíràn

Bí olè bá fi orúkọ ẹlòmíràn gbé ọkọ̀ kúrò nínú ọgbà yín, èèyàn méjì ló pa lára lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ tajà ò ní rí owó gbà, torí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ò jẹ yín ní kọ́bọ̀. Olórúkọ gan-an ò sì ní mọ̀ títí àwọn tó ń sin gbèsè á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pè é láàárọ̀ lálẹ́, tàbí títí báǹkì tó ti fẹ́ yáwó ilé á fi sọ fún un pé gbèsè ọkọ̀ kan wà lọ́rùn rẹ̀ ní Houston, òun tí kò dé Texas rí.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ló mú kí ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ṣe òfin kan ní 2003, Fair and Accurate Credit Transactions Act, tí wọ́n ń gé kúrú sí FACTA. Òfin náà pàṣẹ fún Federal Trade Commission, ìyẹn FTC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, àti àwọn àjọ tó ń ṣọ́ báǹkì pé kí wọ́n kọ ìlànà tí ẹni tó ń tajà láwìn á máa fi fura sí olè kó tó ṣọṣẹ́. November 2007 ni ìlànà náà jáde, Red Flags Rule ni wọ́n sì pè é, ìyẹn ìlànà àwọn àmì ewu. FTC ní kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní November 2008, àmọ́ wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú léraléra títí dé ìparí 2010, nítorí àwọn dókítà, àwọn lọ́yà àti àwọn oníṣirò owó ń pariwo pé àwọn kì í ṣe báǹkì. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà tiẹ̀ gbé FTC lọ sílé ẹjọ́. Ní December 2010, Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin míì tó dín iye àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kù. Bí ìlànà náà ṣe wà lẹ́yìn gbogbo èyí ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí, pàápàá fún ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tẹ́ ẹ ń ta ọkọ̀, tẹ́ ẹ ń ta àga àti bẹ́ẹ̀dì, tàbí tẹ́ ẹ ní ilé ìtọ́jú eyín àti kílíníìkì ní Texas, Georgia, Maryland àti níbi gbogbo tí àwọn èèyàn wa ti ń ṣòwò níbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín kí a tó bẹ̀rẹ̀ ni pé ìlànà yìí ń béèrè ètò tí ẹ kọ sílẹ̀ fún fífura sí olè, àmọ́ èyí tí ẹ bá dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ kàn yí orúkọ òkè rẹ̀ padà, kò lè mú olè kankan. Òṣìṣẹ́ tó jókòó sí kántà ló ń mú olè, bó bá mọ ohun tó yẹ kó wò, tó sì dá a lójú pé ọ̀gá á dúró tì í bó bá dá ọjà dúró. Òun ni ẹ ń kọ ètò yìí fún, kì í ṣe ìjọba.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wádìí bóyá òfin yìí kàn yín

Apá méjì ni ìbéèrè yìí ní, ẹ sì gbọ́dọ̀ bọ́ sínú méjèèjì kí òfin tó mú yín.

Apá àkọ́kọ́: ṣé ẹ máa ń gbé ọjà fún èèyàn, tàbí kẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún un, kó tó san owó tán? Ṣé ẹ máa ń bá oníbàárà wá ẹni tó máa yá a lówó? Ṣé ẹ wà lára àwọn tó ń pinnu iye tí yóò máa san lóṣù àti ìgbà tí yóò san án dà? Bí ọ̀kan nínú wọn bá bá yín mu, ẹ bọ́ sí apá kejì: nínú àwìn yìí, ṣé ẹ máa ń wo credit report oníbàárà, ìyẹn àkọsílẹ̀ bó ṣe ń yáwó àti bó ṣe ń san án? Ṣé ẹ máa ń ròyìn bó ṣe ń san gbèsè fún Equifax, Experian tàbí TransUnion, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ yìí, tí wọ́n ń pè ní credit bureau? Ṣé ẹ máa ń yá èèyàn lówó tí yóò dá padà, yálà pẹ̀lú owó tàbí pẹ̀lú dúkìá tó fi dúró? Ohun tí òfin ń wò ni ohun tí ẹ ń ṣe déédéé nínú òwò yín, kì í ṣe ohun tí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan fún ọ̀rẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ ká fi àwọn tí a mọ̀ wò ó. Ẹni tó ń ta ọkọ̀, tó ń wo credit report, tó sì ń fi ìwé oníbàárà ránṣẹ́ sí báǹkì kí wọ́n yá a lówó, òfin mú un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé báǹkì ló máa gba gbèsè náà nígbẹ̀yìn. Dókítà tó tọ́jú aláìsàn lónìí, tó fi bíìlì ránṣẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, tí kò sì wo credit report ẹnikẹ́ni, òfin 2010 ti tú u sílẹ̀. Àmọ́ bí oníṣègùn eyín bá ń wo credit report kó tó gbà kí ìyá kan máa san owó wáyà eyín ọmọ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ti wọlé padà nìyẹn. Lọ́yà tó bá oníbàárà rẹ̀ san owó ìwé ní kóòtù ṣáájú kò wọlé, torí òfin yọ àwọn ìnáwó kéékèèké tó bá iṣẹ́ rìn kúrò. Ìyá tó ń ta gaàrí àti ìrẹsì, tó ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó sínú ìwé, kò wọlé. Gbígba káàdì Visa tàbí Mastercard lọ́wọ́ oníbàárà nìkan kò sì sọ ẹnikẹ́ni di ẹni tó ń tajà láwìn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í lóye nìyẹn.

Báǹkì àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wà lábẹ́ ìlànà yìí pẹ̀lú, àwọn àjọ tiwọn ló kàn ń ṣọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ to àwọn àkáǹtì yín

Àkáǹtì tí oníbàárà ṣí fún ara rẹ̀, ìdílé rẹ̀ tàbí ilé rẹ̀, tí wọ́n ṣe kó lè sanwó lórí rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, wọlé tààrà: gbèsè ọkọ̀, gbèsè àga, àkáǹtì fóònù, àkáǹtì iná. Oríṣi kejì ni àkáǹtì èyíkéyìí míì tí ẹ rí i pé olè lè fi orúkọ jìbìtì wọ̀, bí àkáǹtì tí onísòwò kékeré kan ṣí lórúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti mọ oríṣi kejì yìí, ẹ wo bí ẹ ṣe ń ṣí i (lójúkojú, lórí fóònù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì), bí oníbàárà ṣe ń dé ibẹ̀, àti bóyá olè ti bá yín jà níbẹ̀ rí. Bó bá jẹ́ pé ẹ ò ní àkáǹtì kankan tó bọ́ sí i, ẹ ò nílò ètò tí a kọ sílẹ̀, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ máa padà wò ó látìgbàdégbà, torí òwò máa ń yí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ kó àwọn àmì ewu jọ

Iṣẹ́ gan-an wà níbí. FTC to àmì 26 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, lábẹ́ orí márùn-ún. Ẹ kà wọ́n, àmọ́ ẹ má dà wọ́n kọ sílẹ̀ lódindi. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ yín jókòó, kẹ́ ẹ bi wọ́n pé: ìwé wo ló ti rú yín lójú rí? Oníbàárà wo ni ọkàn yín kò balẹ̀ sí, kí ló fà á? Ohun tí wọ́n bá sọ ni kó kọ́kọ́ wọ inú ìwé. Ìfura loògùn àgbà, àwọn tó wà ní kántà sì ti ń fura kí FTC tó dé.

Àmì láti inú credit report. Bí ẹ bá rí ìkìlọ̀ pé wọ́n ti lo orúkọ ẹni yìí fún jìbìtì rí, ìyẹn fraud alert, tàbí ẹ rí i pé ó ti ti fáìlì rẹ̀ pa, ẹ dúró. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ máa ń wà fún ọdún 1. Ẹni tó ti fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n jí orúkọ òun máa ń gba ti ọdún 7. Àwọn sójà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ní tiwọn. Bí credit bureau bá sọ fún yín pé àdírẹ́sì tí ẹ fi ránṣẹ́ yàtọ̀ gédégédé sí èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, àmì ni. Bí ẹni tí kò yáwó fún ọdún mélòó kan bá ṣàdédé ń béèrè àwìn ní ibi púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àmì ni.

Ó pọn dandan kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn èèyàn wa níbí. Nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ìbàdàn, ẹni ogójì ọdún, lè ní credit report tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta. Olè tó hun orúkọ àti nọ́ńbà pọ̀ láti dá ẹni tí kò sí láyé sílẹ̀, irú fáìlì bẹ́ẹ̀ gan-an ni tiẹ̀ náà máa ń ní. Lórí ìwé, ìkan náà ni wọ́n. Ohun tó máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé nọ́ọ̀sì ní páásípọ́ọ̀tù pẹ̀lú físà tàbí green card, ó ní lẹ́tà ilé ìwòsàn tó gbà á síṣẹ́, ó sì ní ìwé owó oṣù tí ẹ lè fi fóònù wádìí. Ẹ kọ ọ́ sínú ètò yín pé bí fáìlì bá ṣófo, ìwé báyìí-báyìí ni kí òṣìṣẹ́ béèrè. Bí ẹ ò bá kọ ọ́, òṣìṣẹ́ kan á lé nọ́ọ̀sì lọ, òmíràn á gba olè wọlé.

Àmì láti ara ìwé. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ nídìí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀. Ẹ ní kí oníbàárà fúnra rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nínú pọ́ọ̀sì, kó sì fi lé yín lọ́wọ́. Ẹ má wò ó nínú rọ́bà. Ẹ fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ yíká: bí ibì kan bá gbé sókè, bí ẹni pé wọ́n ti là á, ẹ ti rí nǹkan kan. Ẹ wo fọ́tò, ẹ wo ojú ẹni tó dúró níwájú yín, ẹ tún wo etí àti àárín ojú, torí irun àti irùngbọ̀n máa ń yí padà. Ẹ ka gíga àti àwọ̀ ojú tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ṣírò ọjọ́ ìbí rẹ̀: ṣé ẹni tó dúró yìí ti pé ẹni ọdún 58 lóòótọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ ìwé tó fi sórí fọ́ọ̀mù sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà lórí láísẹ́ǹsì. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń ka bákóòdù ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kà á, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ohun tó jáde bá ti iwájú mu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí. Ẹ wo fọ́ọ̀mù náà pẹ̀lú: ìwé tí wọ́n pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀ tàbí tí wọ́n ya tí wọ́n tún lẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ìwé tó yẹ kẹ́ ẹ gbà.

Àmì láti inú ohun tí oníbàárà sọ nípa ara rẹ̀. Kò sí nọ́ńbà Social Security, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún èèyàn, tí a ń pè ní Social lásán, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 000, 666 tàbí 9. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9 lè jẹ́ ITIN, nọ́ńbà owó orí tí wọ́n ń fún ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ sí Social Security. Kò burú fúnra rẹ̀, àmọ́ kò gbọdọ̀ jókòó sí àyè Social. Nọ́ńbà méjì àárín kì í jẹ́ 00, mẹ́rin ìgbẹ̀yìn kì í jẹ́ 0000. Láyé àtijọ́, nọ́ńbà mẹ́ta àkọ́kọ́ máa ń sọ ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti gba káàdì náà, àwọn àgbà oníṣòwò kan sì ṣì ń fi í dá èèyàn mọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé láti June 2011 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín nọ́ńbà láìtẹ̀ lé ìpínlẹ̀, kò sì wúlò mọ́ fún ẹni tó gba tirẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn. Ẹ tún wò ó bóyá nọ́ńbà náà jẹ́ ti ẹni tó ti kú, tàbí bóyá oníbàárà yín míì ti lò ó.

Àdírẹ́sì tó jẹ́ àpótí lẹ́tà tí wọ́n ń háyà, tàbí ti ọgbà ẹ̀wọ̀n, jẹ́ àmì. Àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù kan náà tí àwọn èèyàn tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ń lò jẹ́ àmì. Àmọ́ ìdílé mẹ́ta lè wà ní ilé kan lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n dé Amẹ́ríkà, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yẹ kó já yín láyà ni orúkọ mẹ́jọ tí kò bára wọn tan, tí gbogbo wọn ń ra ọkọ̀ lóṣù kan láti ilé kan.

Orúkọ wa náà ń dá wàhálà sílẹ̀. Oluwafemi lè wà lórí páásípọ́ọ̀tù, Femi lórí ìwé owó oṣù, kí orúkọ bàbá sì ṣíwájú níbì kan kó tún kẹ́yìn níbòmíràn. Bí ọjọ́ ìbí àti Social bá bára mu, ẹ béèrè ìwé kẹta, kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí sílẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú. Bí orúkọ bá yàtọ̀ tí ọjọ́ ìbí náà sì yàtọ̀, ìyẹn ò kí ń ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀wé mọ́.

Àmì láti inú bí àkáǹtì ṣe ń rìn. Oníbàárà tuntun tí kò san ẹyọ kan rí látìgbà tó gbé ọjà lọ. Lẹ́tà tó ń padà wá lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ná àkáǹtì náà. Àkáǹtì tó ti sùn láti ọdún méjì tó jí lójijì. Ẹni tó yí àdírẹ́sì padà lónìí tó sì béèrè káàdì tuntun lọ́la. Ti ìgbẹ̀yìn yìí tiẹ̀ ní òfin tirẹ̀ fún àwọn tó ń fún èèyàn ní káàdì: bí ìbéèrè káàdì bá tẹ̀ lé ìyípadà àdírẹ́sì láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ ó kéré tán, wọn ò gbọdọ̀ fi káàdì ránṣẹ́ títí wọ́n á fi rí i dájú pé olóhun ló yí àdírẹ́sì náà.

Ní kílíníìkì, àmì máa ń gba ọ̀nà míì yọ. Fáìlì sọ pé wọ́n ti yọ àpẹ́ńdíìsì aláìsàn, àpẹ́ńdíìsì sì wà nínú rẹ̀. Aláìsàn mú ìwé ìnṣọ́ránsì wá tó sọ nípa ìtọ́jú tí kò gbà rí. Ewu èyí kọjá ti owó: ẹ̀jẹ̀ àti àlégì olè ti wọ inú fáìlì ẹlòmíràn, ẹ̀mí èèyàn sì lè bá a lọ.

Orí karùn-ún ni ìròyìn láti ìta: ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀, ọlọ́pàá, tàbí báǹkì, tó pè yín pé àkáǹtì kan kì í ṣe ti olórúkọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pinnu ibi tí wọ́n á ti máa wo àwọn àmì náà

Ní kántà, a ti sọ ọ́. Lórí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ni àbò ti máa ń tín-ín-rín jù. Ọjọ́ ìbí, Social àti orúkọ ìyá kí ó tó wọlé ọkọ kì í ṣe ẹ̀rí mọ́. Nígbà tí wọ́n wọ inú kọ̀ǹpútà Equifax ní 2017, ìsọfúnni nípa èèyàn bíi mílíọ̀nù 147 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn. Ẹni tó bá ka Social rẹ̀ láìta kókó lórí fóònù lè jẹ́ ẹni tó rà á.

Bí ẹnì kan bá pè pé òun fẹ́ yí àdírẹ́sì tàbí nọ́ńbà fóònù padà, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kẹ́ ẹ pe nọ́ńbà àtijọ́ tó wà nínú fáìlì yín. Ẹ má pe èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fún yín. Bẹ́ ẹ bá ń tajà láwìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jẹ́ kí oníbàárà ní kóòdù tí ń wá sórí fóònù rẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ aṣínà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ohun tí ẹ máa ṣe bí àmì bá yọ

Àmì kì í ṣe ìdájọ́. Ó ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ béèrè nǹkan kan sí i. Ìlànà náà fún yín láyè gan-an: ẹ lè máa ṣọ́ àkáǹtì náà, ẹ lè pe oníbàárà, ẹ lè yí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ padà, ẹ lè tì í pa, ẹ lè kọ̀ láti ṣí i, ẹ lè jáwọ́ nínú sísin gbèsè náà, ẹ lè sọ fún ọlọ́pàá, ẹ sì lè rí i lẹ́yìn ìwádìí pé kò sí nǹkan kan. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni kẹ́ ẹ rí àmì kẹ́ ẹ gbójú fò ó.

Fraud alert nìkan ni kò fún yín láyè púpọ̀. Bí ó bá wà lórí credit report, ẹ kò gbọdọ̀ ṣí àkáǹtì tuntun láìkọ́kọ́ fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé olórúkọ ló wà níwájú yín. Ti ọdún 7, nọ́ńbà fóònù tàbí ọ̀nà míì tí olórúkọ fi sílẹ̀ nínú ìkìlọ̀ náà lẹ gbọ́dọ̀ fi kàn sí i. Bí fóònù tó ń dún bá wà lápò ẹni tó jókòó níwájú yín, ó dáa. Bó bá jẹ́ pé ẹlòmíràn ló gbé e ní Ohio, tó ní òun ò ra ọkọ̀ kankan, ọ̀rọ̀ ti parí.

Mo ní ìmọ̀ràn kan tí òfin kò kọ, tí mo sì rò pé ó ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ohun tó kọ lọ: ẹni tó máa gba kọmíṣọ̀n lórí ọjà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó máa sọ pé àmì náà kò já mọ́ nǹkan kan. Nírọ̀lẹ́ Sátidé, tí oṣù ń parí lọ, tó ku ọkọ̀ kan kí ẹni náà bá iye tí ẹ dá fún un, ojú rẹ̀ ò lè ríran dáadáa. Ẹ yan ẹnì kan tí kò ní èrè nínú ọjà náà, kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ètò, kí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì wà lára ògiri lẹ́yìn kántà.

Ọ̀ràn kan wà tó máa ń ṣòro láàárín wa torí ojú àánú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan á dúró níwájú yín, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, Social yìí, ti bùrọ̀dá mi ni. Wọ́n mọ̀ sí i. Mi ò tíì pẹ́ níbí, mi ò tíì ní credit.” Bóyá òótọ́ ló ń sọ. Síbẹ̀, bí ẹ bá kọ nọ́ńbà ẹlòmíràn sórí ìwé rẹ̀, ẹ̀yin náà ti wà nínú jìbìtì nìyẹn, bùrọ̀dá rẹ̀ sì lè sọ lọ́dún tó ń bọ̀ pé òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ẹ dá a lóhùn pé, “Àbúrò, mo gbọ́ ẹ. Sọ fún bùrọ̀dá ẹ kí wọ́n wá fúnra wọn, kí wọ́n mú láísẹ́ǹsì wọn dání, kí wọ́n ṣe onídùúró fún ẹ.” Onídùúró tó fọwọ́ síwèé lórúkọ ara rẹ̀ bá òfin mu. Òbí tó fẹ́ lo Social ọmọ rẹ̀ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, ẹ má dá a lóhùn rárá lórí ìyẹn, torí ọmọ náà ló máa dàgbà bá gbèsè tí kò jẹ.

Ẹ má sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan kọ ohùn, orúkọ àjèjì tàbí orílẹ̀-èdè oníbàárà sílẹ̀ bí àmì ewu. Equal Credit Opportunity Act ka ìyẹn léèwọ̀, ó sì dùn mí pé ó yẹ kí n sọ ọ́ fún àwa tí wọ́n ti fi ohùn wa fura sí rí. Bí oníbàárà bá ti fún yín ní ohun gbogbo tẹ́ ẹ béèrè, tẹ́ ẹ sì kọ̀ láti fún un láwìn, ẹ ní 30 ọjọ́ láti kọ̀wé sí i. Bó bá jẹ́ credit report ló fà á, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ credit bureau tó ti wá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Bí ẹni tí wọ́n jí orúkọ rẹ̀ bá wá bá yín

Ìbínú ló máa bá wá, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ má sọ fún un pé “orúkọ yín ló wà níbẹ̀, ẹ san án.” Ẹ ní kó kọ ohun tó fẹ́ sílẹ̀, kó mú ìdánimọ̀ rẹ̀ wá, kó sì mú ìwé ẹ̀sùn tó ṣe, IdentityTheft.gov tí FTC dá sílẹ̀ máa ń bá a ṣe èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti fi ìwé béèrè pẹ̀lú ẹ̀rí yìí, ẹ ní 30 ọjọ́ láti fún un ní ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tí olè fi gba àwìn àti àkọsílẹ̀ ọjà náà, láìgba kọ́bọ̀. Ìwé yẹn ni yóò fi wẹ ara rẹ̀ mọ́ níbòmíràn, torí ọwọ́ ìkọ̀wé olè wà lórí rẹ̀.

Bí credit bureau bá ti dí gbèsè náà nínú fáìlì rẹ̀, ẹ kò gbọdọ̀ tún ròyìn rẹ̀, ẹ kò sì gbọdọ̀ tà á tàbí gbé e fún àwọn tó ń sin gbèsè. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà yín, torí ẹ̀rọ tó ń ròyìn fúnra rẹ̀ lóṣooṣù ló sábà máa ń tú ẹjọ́ náà sílẹ̀ lákọ̀tun.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i, ẹ kọ́ àwọn èèyàn yín

Ètò náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kó sì bá ìwọ̀n òwò yín mu. Ojú ewé mẹ́ta lè tó fún ọgbà ọkọ̀ kékeré. Ìgbìmọ̀ olùdarí ló máa fọwọ́ sí i ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ò bá ní ìgbìmọ̀, ọ̀gá àgbà kan ni kó fọwọ́ sí i, kó sì gbé ẹrù rẹ̀. Ẹni tó ń mójú tó o á máa mú ìròyìn wá fún ọ̀gá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún: àmì tó yọ, ohun tí wọ́n ṣe sí i, jìbìtì tó kọjá lára wọn, àti ohun tó yẹ kí wọ́n yí padà. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún ilé iṣẹ́ míì, bí àwọn tó ń bá yín gba owó tàbí tí ń bá yín dáhùn fóònù, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àwọn náà gbọ́dọ̀ máa wo àmì. Ẹ̀bi wọn kò ní bọ́ lọ́rùn yín. FTC lè gbé yín lọ sílé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, owó ìtanràn lórí àṣemáṣe kọ̀ọ̀kan sì ti kọjá $4,000 báyìí, ó sì ń gòkè bí ọjà ṣe ń wọ́n.

Ìkọ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ ìwé tí òṣìṣẹ́ kàn fọwọ́ sí. Ẹ tẹ́ fọ́ọ̀mù mẹ́ta sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi àṣìṣe sínú ọ̀kan: Social tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 9, ọjọ́ ìbí tí kò bá láísẹ́ǹsì mu. Ẹ ní kí wọ́n wá a. Ẹni tó bá rí i, ẹ jẹ́ kó ṣàlàyé fún àwọn yòókù bó ṣe rí i.

Àwọn òfin alájọṣe wà tó ń bá èyí rìn, ẹ má gbàgbé wọn. Risíìtì tí ẹ̀rọ yín ń tẹ̀ fún oníbàárà kò gbọdọ̀ ní ju nọ́ńbà márùn-ún ìgbẹ̀yìn káàdì lọ, kò sì gbọdọ̀ ní ọjọ́ tí káàdì ń parí. Credit report tí ẹ bá ti lò tán, ẹ gé e wẹ́wẹ́ tàbí kẹ́ ẹ sun ún. Àpò ìdọ̀tí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni olè ti máa ń kọ́kọ́ wá a. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ láwìn tún wà lábẹ́ Safeguards Rule ti FTC, tó sọ bí wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìsọfúnni oníbàárà nínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ tún ètò náà wò nígbà tí ẹ bá yí ẹ̀rọ padà, tí ẹ bá ṣí ẹ̀ka tuntun, tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gba fọ́ọ̀mù lórí fóònù, tí olè bá sì ti fi ọ̀nà tuntun kan wọlé. Ẹ kọ ọjọ́ àtúnṣe sí òkè ojú ewé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì yọ ẹ̀dà àtijọ́ kúrò lẹ́yìn kántà lọ́jọ́ náà gan-an, kó má ṣe sí òṣìṣẹ́ tí yóò máa tẹ̀ lé èyí tó ti kọjá.